Àwọn Ẹja Tó Yẹ Omi Ẹ̀gẹ́ Wa Wò

Ọjọ́ tí mo sọ fún àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní abúlé ìyá mi, lọ́nà Idigny, pé ẹja ni yóò sọ bóyá ilé iṣẹ́ wọn yóò wà ní ṣíṣí tàbí yóò di títì, ẹ̀rín tí wọ́n rín kò kéré. Ọ̀kan nínú wọn ju ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ di ìbàdí mú.

"Akọ̀wé, ẹja wo? Ṣé èyí tó wà nínú ọbẹ̀ mi lánàá ni, àbí àbúrò rẹ̀?"

Èmi ni akọ̀wé wọn. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Kétu, mo sì lè ka ìwé tí ìjọba fi èdè Faransé kọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi gbé ẹrù yìí lé mi lórí. Àbúrò ìyá mi ni olórí wọn, opó kan tó fi orí ara rẹ̀ ru yanrìn àti omi nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ náà. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣàlàyé kí o tó ṣe ẹ̀fẹ̀," ó ní.

Mo ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti rin ẹ̀gẹ́ rí, tó sì fún un, mọ omi kíkan tó ń ro jáde lábẹ́ àpò. Oró wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí omi yẹn ti ń ṣàn lọ sí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ abúlé, títí ewúrẹ́ mẹ́ta fi mu ún tí wọn kò padà délé mọ́. Ariwo àwọn tó ni ewúrẹ́ dé etí ìjọba. Wọ́n wá ní a kò gbọdọ̀ da omi iṣẹ́ sí odò mọ́ láìgba ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ náà kò sì ní í jáde láìjẹ́ pé wọ́n yẹ oró inú omi náà wò. Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé wọ́n á kó ẹja wẹ́wẹ́ tó wà láàyè sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, wọ́n á sì wo iye tó kú. Bí èyí tó kú bá pọ̀ ju iye tí òfin gbà lọ, kò sí ìwé. Bí kò bá sí ìwé kí ìkórè ẹ̀gẹ́ tó dé, wọ́n á ti ilé iṣẹ́ pa.

"Ẹja kò mọ ojúsàájú," ni mo fi kún un, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni mo sọ.

"Ẹja yẹn gbọ́n ju akọ̀wé wa lọ," ni obìnrin ọlọ́bẹ̀ yẹn fi dá mi lóhùn.

Ẹ má rò pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré o. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn gbẹ́ kòtò mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn. Omi ẹ̀gẹ́ á kọ́kọ́ sùn nínú ti àkọ́kọ́, oòrùn á pa á. Á ṣàn bọ́ sí ìkejì. Á wá gba inú yanrìn àti èédú kọjá sí ìkẹta. Ohun tó ń dé ibẹ̀ kò mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké níbẹ̀. Láràárọ̀ ni àbúrò ìyá mi máa ń dúró tì í, tí á máa gbọ́ igbe ọ̀pọ̀lọ́ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn nínú rédíò.

Ọjọ́ pé. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò ní ìlú ní kí a bu omi kòtò kẹta sínú bídọ́ọ̀nù kan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oníke, wá láàárọ̀ kùtù. Nígbà tí mo gun alùpùpù dé abúlé, mo bá bídọ́ọ̀nù náà lórí àpótí, omi ti kún inú rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán yinrin. Àbúrò ìyá mi ti fi aṣọ mímọ́ bò ó lórí. Mo yìn ín. Mo so ẹrù mi mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó di ìlú.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí fóònù mi fi dún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan," ọmọbìnrin ibi ìyẹ̀wò omi náà wí.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, abọ́ onígíláàsì ló tò sórí tábìlì. Omi wa nìkan ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Wọ́n bu omi la àwọn tó tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, títí dé èyí tí omi wa inú rẹ̀ kò ju ṣíbí mélòó kan lọ. Omi mímọ́ lásán ló wà nínú ti ìkẹyìn, kí wọ́n lè fi mọ̀ pé àìsàn kọ́ ló ń ṣe àwọn ẹja náà. Ẹja mẹ́wàá mẹ́wàá ló wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti inú omi mímọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Gbogbo àwọn yòókù ti ṣíkùn sókè.

Ojú àbúrò ìyá mi ni mò ń rí.

"Omi ẹ̀gẹ́ tó ti sùn nínú kòtò kì í yá ní pípa báyìí," ọmọbìnrin náà wí. Ó ṣí bídọ́ọ̀nù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nà án sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

Òórùn aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ló bì lù mí nímú.

Mo padà sí abúlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àbúrò ìyá mi ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

"Wọ́n kú?"

"Wọ́n kú, Ìyá. Kí lẹ fi fọ bídọ́ọ̀nù yẹn?"

"Ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, jafẹ́ẹ̀lì tí mo fi ń fọ aṣọ funfun. Mo tilẹ̀ da ìdérí kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí òórùn kíkan má bàa bu ọmọ ọlọ́mọ nímú." Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Kí nǹkan ilé mi wọ ilé onílé nínú ohun èlò ìdọ̀tí? Ìyá tó bí ìyá rẹ kò tọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ pé jafẹ́ẹ̀lì a máa pa ẹja. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan náà ló tọ́ èmi náà. Mo rí bídọ́ọ̀nù tó mọ́, mo yìn ín, mo gbé e lọ.

Ó jókòó sórí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́. "Ìmọ́tótó mi ni yóò wá ti ilé iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí pa."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin ọlọ́bẹ̀ ló bu omi wá fún un, tó kúnlẹ̀ tì í. "Ìyá, ẹ má sunkún. Kò tíì sí ẹja tó kú mọ́ tónítóní bí irú ìyẹn ní gbogbo Kétu." Ẹ̀rín àti omijé jọ já bọ́ lójú àbúrò ìyá mi.

Ọmọbìnrin náà kò kọ ikú àwọn ẹja yẹn sí omi wa lọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó fúnra rẹ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ létí kòtò kẹta, ó bu omi díẹ̀ sínú bídọ́ọ̀nù tuntun, ó mì ín, ó dà á nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi omi kòtò yẹn ṣan bídọ́ọ̀nù kí ó tó bu omi kún un. Àbúrò ìyá mi kò lè mú un mọ́ra. Ó ti mú àkísà dání.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n kàn nu ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ìyá, ẹ má nu nǹkan kan. Ìdọ̀tí yín gan-an ni mo wá kí."

Àbúrò ìyá mi kẹ̀yìn sí wa títí ọmọbìnrin náà fi dé bídọ́ọ̀nù náà.

Nígbà tí ọjọ́ méjì pé, ó ní òun yóò bá mi lọ sí ìlú. Ó ró ìró tó dára jù, ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù mi. Kò kí ẹnì kankan tán tó fi lọ síbi àwọn abọ́, tó ń fi ìka kà wọ́n. Nínú gbogbo omi tí wọ́n là, kò sí ẹja kan tó kú. Nínú omi wa gangan, mẹ́jọ ń lúwẹ̀ẹ́, méjì sùn sílẹ̀.

"Ó yege, Ìyá," ọmọbìnrin náà wí. "Nígbà tí omi yín bá fi dé odò, á ti là dáadáa. Ìwé àṣẹ yóò jáde. A óò kàn máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Díẹ̀ ló kù kí n jó. Àbúrò ìyá mi kò kúrò nídìí abọ́ àkọ́kọ́.

"Àwọn méjì yìí ńkọ́?"

"Òfin gbà á, Ìyá."

"Mo gbọ́ pé òfin gbà á. Kí ló pa wọ́n?"

"Oró tó ṣẹ́ kù ni. Bí omi náà bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i nínú oòrùn, bóyá wọn kì bá tí kú."

Nígbà tí a padà dé abúlé, àwọn obìnrin ya bò wá. Àbúrò ìyá mi ní ìwé ń bọ̀, ariwo ayọ̀ sọ. Ó jẹ́ kí wọ́n pariwo tẹ́ ara wọn lọ́rùn kí ó tó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má tíì kó ọkọ́ wọlé o. Ó ku kòtò kẹrin."

Ó wá yíjú sí mi. "Akọ̀wé, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn."