Àlàfo Ìbú Ìṣáná

Kò, kò. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wẹ́dà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Àlàfo rántí láyé nìyẹn: òòlù bàbá rẹ̀ tó ń ti irin pẹlẹbẹ méjì súnmọ́ra, àti ìdákẹ́jẹ́ tí bàbá náà fi ń ki igi ìṣáná kan sáàárín wọn. Bàbá a máa ní irin tí a bá fẹ́ jó pọ̀ etí sí etí, tí ọ̀kan ò ní gun èkejì, kò yẹ kó fún mọ́ra. Àfi kí a fi àyè sílẹ̀ kí iná lè dé ìsàlẹ̀.

Ọmọ gbọ́, ó tún gbọ́ kọjá ààlà. Nígbà tó dàgbà, àga ò gbọdọ̀ kan ògiri nílé rẹ̀. Ìrẹsì ò gbọdọ̀ kan ọbẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ayàwòrán ní kó súnmọ́ ìyàwó. Ó yọ ìṣáná lápò, ó fi wọn àyè tó wà láàárín èjìká àwọn méjèèjì, ó ní ó ti tó. Àwọn àna rò pé àwàdà ni.

Òun ló fi irin ṣe bẹ́ẹ̀dì wọn, awẹ́ méjì tó kojú síra, awẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóòmù tirẹ̀, ìṣáná láàárín. Ìyàwó béèrè ìgbà tí yóò jó o pọ̀. Ó ní kí irin mọ ara wọn ná. Ọdún méjìlá ni irin fi ń mọ ara wọn. Bí ọkọ ṣe ń dìde láràárọ̀ ni awẹ́ tirẹ̀ ń sún kúrò lára tìyàwó. Àlàfo gbé òòyà mì, ó gbé fóònù mì. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, ó gbé ìyàwó mì dé ìbàdí.

Ọkọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó láti òkè. Ó ní, “Èyí ti ju ìṣáná lọ.”

Obìnrin náà fa ara rẹ̀ yọ, ó di ẹrù, ó tiro lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Lọ́jọ́ kẹta, wẹ́dà mú ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà ní ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà. Wẹ́dà ní torí pé wọ́n fún mọ́ra jù ni. Ẹ̀gbọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

“Bàbá yín fi àyè sílẹ̀ kí iná lè wọlé,” ni ìyàwó wí. “Ẹ̀yin náà fi í sílẹ̀, ọdún méjìlá. Iná ọ̀hún dà?”

Ìyàwó ní òun ń bọ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ojú oríkèé bẹ́ẹ̀dì gan-an lòun máa sùn lé. Bó bá fi lè mira, òun ò tún ní padà wá mọ́.

Ní Sátidé, wẹ́dà kó fóòmù síta, ó fa wáyà ìjórin gba ojú fèrèsé. Ó ki ìṣáná bọ àárín irin, ó fi iná kan ìpẹ̀kun méjèèjì kó má baà sún, ó yọ ìṣáná, ó wá jó o láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tó tutù, ó fi òòlù gbọn èépá rẹ̀ dànù. Ó fi ayùn irin ha ojú rẹ̀ títí tí kò fi lè họ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀ lé e, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Kò mira.

Ó jókòó sílẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ ńlá rán fóòmù méjèèjì pọ̀, etí sí etí. Ó gbá ilẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ, ó sì ki igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́.