Ìró Kejì Lábẹ́ Ọkọ̀

Mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Elétí. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi o. Ọkọ̀ á ṣì wà ní kọ́nà, ọkùnrin yìí á ti sọ ohun tó ń ṣe é, kò sì ní tíì dìde lórí àga. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí etí ọ̀tún wá kọṣẹ́ sílẹ̀, tí tòsì náà ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, ta ló fẹ́ sọ fún? Bí èèyàn bá pariwo sí i, á ní kí ló ń jágbe mọ́ òun sí. Bí èèyàn bá rọra sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, á sì mi orí. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni ẹ̀rù ń bà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àgbẹ̀ kan wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ àtijọ́ wá, àpò àgbàdo kún un dẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú, ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gíà méjì mìíràn lẹ́yìn, níbi irin tó ń yí táyà: kékeré fún òkè àti ẹrù, ńlá fún ojú ọ̀nà tó tẹ́jú. Bọ́tìnnì kan lára ọ̀pá gíà ni wọ́n fi ń pààrọ̀ wọn, àmọ́ ti àgbẹ̀ yìí ò ṣe dáadáa mọ́. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ìró méjì ló yẹ kó dún lẹ́yìn: "kí," ti ẹ̀rọ kékeré tó ń ti gíà, lẹ́yìn náà "gbà," ti gíà tó wọlé. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló dún, gíà ti há sáàárín nìyẹn, ọkọ̀ ti bọ́ sí fíríì, ẹ́ńjìnnì ò lè dì í mú mọ́. Bíréèkì nìkan ló kù tó lè dá a dúró. Bíréèkì ọkọ̀ àtijọ́ tó ru àgbàdo!

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ó lọ tààrà dé orí afárá.

Ọ̀gá Elétí rí wáyà kan tó ti dípẹtà, ó pààrọ̀ rẹ̀. Jáàkì rẹ̀ ò lè gbé ẹrù tó pọ̀ tó yẹn, kò lè gbé táyà kúrò nílẹ̀ kó wò ó bó ṣe ń yí. Etí nìkan ló kù. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, sì jókòó sídìí ọ̀pá gíà.

"Tẹ̀ ẹ́!"

Ó fi ọwọ́ lé irin náà. Nǹkan mì díẹ̀. Ó dúró. Ṣé èkejì ti dún ni, àbí kò tíì dún? Ó ní kó tún un tẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, ìyẹn nìkan ló ń gbọ́.

Àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú. Ẹnu rẹ̀ ni Ọ̀gá Elétí wò tó fi mọ ohun tó ń béèrè: "Ọ̀gá, ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé."

Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́. Àgbẹ̀ dúpẹ́, Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀ fún un, àgbẹ̀ sì gòkè sídìí ọkọ̀. Ọ̀gá Elétí ti jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí mọ́. Ìyàwó àgbẹ̀ di ọwọ́ ọmọ mú, ó fi ń juwọ́ sí i. Mẹkáníìkì náà wo ọ̀nà tó ń lọ sísàlẹ̀, ó wo afárá, ó tún wo ọwọ́ kékeré yẹn. Àgbẹ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀.

Ló bá sáré bọ́ síwájú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ má lọ! Ẹ pa á! Mi ò gbọ́ ọ!"

"Ẹ ò gbọ́ kí ni?"

"Etí mi ti lọ! Mi ò gbọ́ nǹkan kan!"

Òun tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, gbogbo òpópónà ló gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ le. Ìyá Ìbejì tẹ́ àpò sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì nawọ́ sí ọkọ rẹ̀ pé kó lọ tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀gá Elétí tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí obìnrin náà jáde, gíríìsì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó na ìka kan ṣoṣo sókè níwájú ojú ọkọ rẹ̀, ó sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

Ìyàwó àgbẹ̀ ò dúró kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró níwájú Ọ̀gá Elétí, ó ń sọ̀rọ̀ kan náà léraléra. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ títí, kò mọ̀ bóyá èébú ni àbí ọpẹ́.