Mo Ṣebí Orin Ni

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò fẹ́ràn orin àwọn ọmọ ìwòyí. Àwa tí a ṣiṣẹ́ ìjọba títí a fi fẹ̀yìn tì ní Fẹ́sítáàkì, orin tó ń gbéni sókè la mọ̀. Tiwọn, akọrin á máa ké bí ẹni tí eyín ń dùn, á ní ọkàn òun ti bàjẹ́, á ní òun ò rí oorun sùn. Ta ló bi í?

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ò lè ṣe kó má kọ ọ́. Èyí tó fẹ́ràn jù, "ó ti sú mi" ni ègbè rẹ̀. Bó bá ti ń fọ abọ́, á bẹ̀rẹ̀. Èmi náà á ti inú yàrá pariwo pé kó yí i padà. Nílé wa, a kì í fẹnu ara wa pe ibi. Bí ibà tiẹ̀ dá ẹ dùbúlẹ̀, ohun tí wàá sọ ni pé ara rẹ le. Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́ ọ. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Kò ní sú mi, mà," á sì tún bẹ̀rẹ̀ èyí tó sú u. Àwàdà wa nìyẹn títí ó fi lọ ilé ọkọ ní Abúlé Adó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó wá kí mi. Mo ń lọ aṣọ tí mo máa wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Mọ́mì, ó ti sú mi."

Mi ò gbójú sókè. Mo ní, "O tún ti gbé e dé? Yí i padà jàre."

Ó ní, "Kò ní sú mi, mà." Ó bá mi ká aṣọ, ó jẹ ẹ̀bà, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ pè mí, ó ń dúpẹ́ pé mo dúró ti ìyàwó òun. Mo ní lórí kí ni? "Oyún tó bàjẹ́ yẹn ni, mà. Ó ní òun fẹ́ wá sọ fún yín fúnra òun." Ojú tì mí.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo gba Abúlé Adó lọ. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ orin yẹn. Bó ṣe rí mi, ó pa á, ó nu ojú, ó kúnlẹ̀. Mo dì mọ́ ọn, mo ní kó sunkún, kó sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Mo tiẹ̀ ní kó tan orin rẹ̀ padà.

"Ara mi ti le, mà," ló wí. "Ọlọ́run ti ṣe é." Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Á ní kò sí nǹkan kan. Bó bá pè mí, àdúrà la máa ń gbà fún ara wa títí yóò fi dágbére. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn pàdé mi lọ́jà Agbójú. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ní Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, pé oyún ọmọ mi ti yọ dáadáa báyìí. Mo ṣe àmín, mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.