Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sílẹ̀ De Ìkẹyìn

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo lọ ní Kétu, ìwé atúmọ̀ èdè Faransé kan wà tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ti gbó, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ mọ́, wọn á kọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọn á sì fa gbólóhùn kan yọ sábẹ́ rẹ̀ láti inú ìwé ẹni tó ti kú, kí a lè rí bí olóògbé náà ṣe lò ó. Mo fẹ́ràn àwọn gbólóhùn yẹn ju ìtumọ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì, mo ra kàyé kan, ìwé tí a fi ń kọ nǹkan, mo ní èmi náà á ṣe ti èdè wa. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá ọkọ mi, ni ìwé tí mo ń fa gbólóhùn yọ nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kì í sọ ìtumọ̀. Wọ́n á ní, "Ìtumọ̀ kẹ̀? Jẹ́ kí n sọ ẹni tó sọ ọ́ fún ọ." Bí mo ṣe kọ ajere nìyẹn, ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí lára. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹni tó bá fi àṣírí sí ọ lẹ́nu, inú ajere ló rọ omi sí." Orogún Ìyá àgbà ló sọ ọ́ sí wọn lẹ́bàá kànga, lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì jà.

"Ẹ sì gbà kó sọ bẹ́ẹ̀ sí yín?"

"Òótọ́ ló sọ," wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ mo kọ́kọ́ gbá a létí ná."

A ń lọ létòlétò, A, B, D, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo torí ẹ̀ ra kàyé náà: ṣìpẹ̀. Ohun tí à ń ṣe fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni, ká fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Àwọn ọ̀dọ́ ilé wa kì í sọ ọ́ mọ́.

Ọmọ mi àkọ́kọ́ kú ní oṣù mẹ́jọ. Ibà ni. Ọjọ́ méje ni mo fi wà lórí ẹní, ọmú ń ro mí, wàrà ń jò sí aṣọ, kò sí ẹnu tí yóò mu ún. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ohùn Ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ṣìpẹ̀. Ìyókù kò dúró sí mi lórí. Ohùn yẹn ni mo dì mú tí mo fi dìde, mo sì fẹ́ gba gbólóhùn náà padà, kí n ní in lọ́wọ́ tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé. Kí ló dé tí n ò tètè béèrè? Ẹ̀rù ni. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn lẹ́tà. Ṣ ṣì jìnnà.

Lẹ́tà K la dé tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá wọn wó. Apá ọ̀tún kú, ẹnu wọ́. Nígbà tí a gbé wọn ti ilé ìwòsàn dé, "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù lẹ́nu wọn.

"Ṣé ebi ń pa yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àbí ẹ ti yó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, kàyé lọ́wọ́ mi. "Ìyá àgbà, kí lẹ máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà mi nígbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo jáde, mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ìyáálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti bá mi. Mo sọ ohun tí mo ń wá fún wọn.

"Ìyàwó, ṣìpẹ̀ wo ni wọ́n ṣe fún ọ?" ni wọ́n wí. "Àwa tó wá ṣe é ni wọ́n ń lé! Mo wà níbẹ̀. A ní kó o má sunkún mọ́, omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìyá bá gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó sí i."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní, 'Ẹ má tíì ṣìpẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ní omi ló dànù, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń rìn jìnnà lọ pọn ọ́n? Ta ni omi dànù fún ní ìlú Odómẹ́ta yìí tí kò sunkún?' Mo bínú lọ ni. Mo ní obìnrin yìí mà burú o."

Lórí ilẹ̀ gíga wa yìí, kànga jìn. Ọmọbìnrin tó bá da omi nù lọ́nà, ẹgba ló ń jẹ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ a ṣì ń fi omi tó dànù tu abiyamọ nínú.

Kí n má purọ́, inú bí mi sí Ìyá àgbà. Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú, kò sí i rárá. Ó ṣe, mo rántí ọjọ́ keje. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde. Èmi fúnra mi ni mo dìde, mo lọ fọ aṣọ tí wàrà gbẹ sí.

Mo fo gbogbo lẹ́tà tó kù, mo kọ ṣìpẹ̀, mo kọ gbólóhùn náà sábẹ́ rẹ̀, àti ẹnu tó ti jáde: Ìyá àgbà, lórí àga, lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo pọn ọmọ mi, èmi àti ìyáálé mi sì wọlé lọ bá Ìyá àgbà. Mo kà á fún wọn.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

N kò lè mọ̀. Omi bọ́ lójú wọn òsì, ó ṣàn wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó wọ́ náà. Ìyáálé mi fa etí aṣọ ara wọn, wọ́n fẹ́ nù ún. Mo di ọwọ́ ìyáálé mi mú.

"Ẹ má tíì nù ún."