Orúkọ Ìyá Aago Méje Kò Sí Nínú Ìwé Kankan

Ìyá Aago Méje ti kú. Ọjọ́rú tó kọjá ni, lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tó fi ọdún mẹ́sàn-án sìn. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ẹgbẹ́ mi. Dókítà kọ ọ́ síwèé pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á. Irọ́ kọ́, àmọ́ òótọ́ náà kò pé. Ẹ jẹ́ kí n rò ó, kí inú mi má baà bẹ́.

Aránṣọ ni. Òun fúnra rẹ̀ ní kòkòrò HIV, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi mú òun àti obìnrin mẹ́rìnlá mìíràn tó ní in pé kí wọ́n máa ṣe alábàárò fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, kí lílo oògùn má baà yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àbúrò mi tó jẹ́ káfíńtà wà lára àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá ti di aago méje àárọ̀, á fíláàṣì rẹ lẹ́ẹ̀mejì, fóònù á dún, á sì gé e. Ìwọ náà á fíláàṣì padà lẹ́ẹ̀kan péré, oògùn ti wọ ọ̀fun nìyẹn. Bí kò bá gbọ́ tìrẹ títí di aago mẹ́jọ, á ti iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ẹnu ọ̀nà rẹ. Ó bá àbúrò mi nílé lọ́jọ́ kan tí ìyẹn forí pamọ́ sábẹ́ aṣọ bí ọmọdé, tó lóun ò lo oògùn mọ́, ikú yá ju ẹ̀sín. Obìnrin yìí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀sín wo? Èmi rèé, mo ti ń gbé e kiri fọ́dún mọ́kànlá, èmi náà ni mo ṣì ń bá ọ rán ìdí ṣòkòtò tó ya. Dìde, gbé e mì, mo níṣẹ́ nílẹ̀."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ọdún méje rèé. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ méjì, kòkòrò náà ò sì sí lára ìkankan nínú wọn.

Lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, àwọn ọ̀gá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà lè máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán aláìsàn létí oògùn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dúró. Ẹ kú làákàyè o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣé kọ̀ǹpútà ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ni?

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí jù. Ìwé orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, ti aláìsàn àti ti òṣìṣẹ́. Aláìsàn tí kò bá wá gba oògùn, wọ́n á wá a kàn. Nígbà tí àwọn obìnrin yìí di alábàárò, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ti aláìsàn sí ti òṣìṣẹ́, yàrá inú ni wọ́n sì ti ń gba oògùn tiwọn. Nígbà tí wọ́n dá wọn dúró, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ti òṣìṣẹ́. Ta ló rántí dá wọn padà sí ti aláìsàn? Kò sẹ́ni tó rántí.

Ìyá Aago Méje lọ tò lójú wíńdò tí wọ́n ti ń gba oògùn bíi gbogbo ayé. Akọ̀wé ní òun ò rí fáìlì rẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó padà, fáìlì ò sí. Kó lọ rí ọ̀gá. Ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ, títí oògùn ọwọ́ rẹ̀ fi tán. Kò sọ fẹ́nì kan; lẹ́nu akọ̀wé la ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́ ṣì ń fíláàṣì àwọn èèyàn rẹ̀ láràárọ̀. Nínú gbogbo wa, èmi náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé, "Ṣé o ti lo tìẹ?" Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago méje lù, fóònù àbúrò mi ò dún. Sísáré ló sáré lọ. Ó bá a níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ, ikọ́ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìyá Aago Méje dákẹ́.

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá àgbà ní akọni ti lọ. Kò lọ o, lílé lẹ lé e. Ọjọ́ kejì tó kú ni wọ́n rí fáìlì rẹ̀ nínú páálí kan lábẹ́ tábìlì akọ̀wé. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà ni "Òṣìṣẹ́ Àtijọ́".

Ta ló fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn? Ta ló yọ orúkọ tí kò dá a padà? A fẹ́ gbọ́ orúkọ tirẹ̀ náà, ní gbangba, kó wá dúró níwájú wa kó ṣàlàyé. Àmọ́ ìyẹn lè dúró dọ̀la. Fáìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú páálí náà, ẹnì kan péré la ti sin nínú wọn. Mo bi akọ̀wé pé ta ló ń fún àwọn mẹ́rìnlá yòókù lóògùn, ó ní òun ò mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbé páálí yẹn sọ́wọ́, ẹ bọ́ sójú títì lónìí. Ẹ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì padà wá sọ fún wa, mélòó ló jáde wá ṣílẹ̀kùn.