Kòkòrò Àrán Lẹ́sẹ̀ Bàbá Ọkọ Mi

Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mo ṣe ń fara da Khetaram, bàbá ọkọ mi. Ní abúlé wa nínú iyanrìn aṣálẹ̀ yìí, ìyàwó ilé kì í la ẹnu bá bàbá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣí ìbòjú níwájú rẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wà láyé, òun ló ń bá wa gbé ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn. Ó kú, ọkọ mi wáṣẹ́ lọ sílùú, ó wá ku èmi, bàbá àti ewúrẹ́. Ewúrẹ́ la wá ń bá sọ̀rọ̀.

"Ewúrẹ́, oúnjẹ ti délẹ̀ o."

"Ewúrẹ́, sọ fún un pé iyọ̀ ti pọ̀ jù."

Ṣé ayé nìyẹn?

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún yìí, gbogbo abúlé so ràkúnmí mọ́ ìtúlẹ̀, wọ́n ń gbin jéró. Bàbá jókòó, ràkúnmí tiwa sì wà lórí ìso. Láti ìgbà èwe rẹ̀, kì í gbìn àfi tó bá rí kòkòrò àrán, àwọn kòkòrò pupa tó ń jáde látinú iyanrìn nígbà tí òjò bá wọlẹ̀ dáadáa. Oòrùn sì ń ran, ilẹ̀ ń gbẹ lọ. Bó bá gbẹ tán láìgbìn, ebi ló kù. Àràárọ̀ ni bàbá ń lọ bẹ̀rẹ̀ lóko, á wolẹ̀ títí, á padà wálé.

"Ewúrẹ́, wọn ò tíì jáde."

Ibi tí mo ti ń ṣẹ́gi lẹ́yìn ilé ni mo ti rí wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n. Wọ́n sanra, irun ara wọn kúnná bí aṣọ àrán ìyàwó, ẹsẹ̀ mẹ́jọ bíi ti aláǹtakùn. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó ṣe bí òkú. Mo sáré wálé.

"Ewúrẹ́, wọ́n ti jáde o!"

Bàbá ò tilẹ̀ yíjú. "Ewúrẹ́, mo ti lọ wò láàárọ̀, kò sí nǹkan kan. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Inú bí mi. "Ewúrẹ́, ṣé irọ́ ni mò ń pa ni?"

"Ewúrẹ́, bi í bóyá òun ló kọ́ mi lóko ríro."

Ewúrẹ́ ń jẹ okùn tí wọ́n fi hun ibùsùn bàbá ní tiẹ̀. Orí kunkun àgbà yìí á pa mí! Mo tẹrí ba kí n má baà ṣépè, ni mo bá rí i: kòkòrò àrán kan ń gun àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bàbá. Méjì mìíràn ń rìn lọ níwájú rẹ̀, níbi tó tẹjú mọ́ gan-an.

"Wọn ò tíì jáde," ló tún wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

Mo ṣí ìbòjú mi sókè lójú rẹ̀ kòrókòró. Kò mọ̀ pé mo ṣí i.

Mo mú kòkòrò náà, mo di bàbá lọ́wọ́ mú, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ fọwọ́ pa á lára."

Ó rọra fìka pa á lára. Kò pe ewúrẹ́ mọ́.

"Dhapu, ṣé pupa ni?"

"Pupa fòò ni, Bàbá."

"Lọ mú ràkúnmí wá. Ìwọ lo máa ṣáájú rẹ̀, kí poro wa lè tọ́."