Ẹnu Kan Níwájú Oníbàárà

Mo kórìíra ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà náà kò ṣẹ̀ mí o. Ohun tí mo kórìíra ni bí mo ṣe máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá mi nínú mọ́tò, tí n óò máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, sà" láti Gáráàjì títí a ó fi kọjá Àgbówà. Iṣẹ́ wáyà àti kọ̀ǹpútà là ń ṣe, à ń so ilé ìwé àti ọ́fíìsì mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ti hewú dáadáa, ó sì ní òfin kan tó fi ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá bá a ṣiṣẹ́: níwájú oníbàárà, ẹnu kan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹnu tirẹ̀ ni.

Yàrá kan ni mo ń gbé ní Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú nígbà náà, èmi ọmọ Ọ̀ṣun tó wáṣẹ́ wá. Òjò a máa wọlé bá mi lórí ibùsùn. Nígbà tí a gba iṣẹ́ ilé ìwé girama aládàáni kan ní Ẹ̀pẹ́, púrínsípà wọn, ọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, sọ fún mi pé àwọn ń wá ẹni tí yóò dúró ti nẹ́tíwọ̀kì náà, tí yóò sì máa gbé inú ọgbà ilé ìwé. Ó ní bí iṣẹ́ yìí bá lọ dáadáa, èmi lòun fẹ́. Mo ti ń fọkàn yan kọ́tìnì tí n óò ta sí fèrèsé.

Iṣẹ́ náà kò le. Súwíìṣì méjì ni, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí gbogbo wáyà kọ̀ǹpútà ń wọ̀ sí. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, ìkejì wà ní gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà. Wáyà méjì la fẹ́ fi so wọ́n pọ̀, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan, kí ọ̀kan sì lè dúró bí ìkejì bá já. Ṣùgbọ́n súwíìṣì méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Láti orí láptọ́ọ̀pù lèèyàn ti máa sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ihò kẹtàlélógún àti ìkẹrìnlélógún ti di ọ̀kan. Bí a bá ki wáyà kejì bọ ihò rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́, ohun tó bá gba wáyà kan lọ á gba ìkejì padà, á máa yí po, á máa pọ̀ sí i, títí gbogbo rẹ̀ á fi dákú. Ohun tó lè dènà ìyẹn wà nínú súwíìṣì, ṣùgbọ́n n ò tíì tàn án.

Mo parí ti ọ́fíìsì láàárọ̀. A wá bọ́ sí gbọ̀ngàn, níbi tí ogójì ọmọ ti ń ṣe ìdánwò ìgbáradì lórí wáyà kìíní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí láptọ́ọ̀pù ni púrínsípà wọlé. Ọ̀gá mi, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan láti àárọ̀, bá dìde, ó gbá wáyà kejì mú.

"Ẹ wò ó, sà, èyí ló máa jẹ́ kó fast gan-an."

Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ síbi ihò náà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ní láti sọ: "Ẹ dúró." Àmọ́ ní Àgbówà láàárọ̀ yẹn ló ti bú mi, torí pé mo dá púrínsípà lóhùn lórí fóònù kí òun tó dáhùn. Ó ní obìnrin tí ẹnu rẹ̀ bá yá jù kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́. Mo pa ẹnu mi dé. Kí n má parọ́, kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan. Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kó tẹ́.

Gbogbo iná ara súwíìṣì bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́, ogójì kọ̀ǹpútà dúró gbagidi, àwọn ọmọ ń kùn. Ọ̀gá wo iná, ó wo púrínsípà, ó wá wò mí. Wáyà ṣì wà lábẹ́ ìka rẹ̀.

"Mo sọ fún un kó má tíì fọwọ́ kan wáyà yẹn, sà. Àwọn ọmọ òde òní, wọn kì í gbọ́ràn."

Wọ́n ní ẹnu àgbà ni obì ti í gbó. Lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ló gbó níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà mo yọ wáyà, mo ṣètò súwíìṣì gbọ̀ngàn bó ṣe yẹ, mo wá dá wáyà padà. Gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ geere.

Nígbà tí à ń padà, ọ̀gá ra búrẹ́dì, ó gbé e lé mi nítan. "O ṣeun," ló wí. Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́.

Púrínsípà kò pè mí. Wọ́n gba ẹlòmíràn. Ó tó bí ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí n tó pàdé púrínsípà náà ní Ẹ̀pẹ́ níbi tó ti ń ra ẹja létí ọ̀sà. Mo kí i, mo sì bi í bóyá tìtorí ọjọ́ yẹn ni kò fi pè mí.

"Mo rí ọwọ́ tó ki wáyà yẹn bọ ibẹ̀," ló wí. "Kì í ṣe torí pé nǹkan bàjẹ́. Ẹni tó lè kúnlẹ̀ torí ohun tí kò ṣe, ṣé ó máa lè sọ fún mi lọ́jọ́ témi náà bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́?"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó sì tún dùn mí. Nígbà tó yá ni ohun tó kọ́kọ́ sọ wá bí mi nínú.

"Ẹ rí i, sà, ẹ sì ń wò mí lórí ìkúnlẹ̀?"

Ó wo ẹja inú ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀.

"Àgbà ni bàbá yẹn," ló wí. "Mi ò lè dójú tì í níwájú àwọn ọmọ."